Súùtù Montague Burton ọdún 1953: lẹ́yìn ọdún méjì tí mo ti ń wọ̀ ọ́

Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn ìyẹ̀fun. Kóòtù, wésíkóòtù àti ṣòkòtò, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 2.6. Súùtù tuntun tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kò tó ìdajì rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó yáa máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, torí ìwúwo yẹn gan-an ni mo sanwó fún nígbà tí mo rà á ní £95 ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ àtijọ́ kan ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù tó ṣú bí aró, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni fi ẹfun fà á. Nínú àpò inú kóòtù ni lébẹ́ẹ̀lì wà, wọ́n fọwọ́ kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín síbẹ̀, àti ọdún: 1953.

Kì í ṣe aṣọ ọlọ́lá láti Savile Row, òpópónà àwọn télọ̀ olówó ńlá ní London, o. Montague Burton, ọmọ Júù tó ti Lithuania wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1900, wà lára àwọn tó mú súùtù dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ àti akọ̀wé. Wọ́n á wọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù ìlú rẹ̀, wọ́n á fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́ sí Leeds, aṣọ á sì padà wá bá a. Nígbà tí iṣẹ́ gbòde, òṣìṣẹ́ bí 10,000 ló wà nílé iṣẹ́ wọn ní Hudson Road. Ọkùnrin náà kú ní 1952, ọdún kan ṣáájú tèmi yìí.

Bàbá mi rán kóòtù ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń yẹ inú aṣọ wò kí a tó yẹ òde. Ẹ fi ìka méjì mú iwájú kóòtù nísàlẹ̀ bọ́tìnnì ìkẹyìn, kí ẹ rọra fa aṣọ òde kúrò lára ti inú. Bí ọwọ́ yín bá kan ìpele kẹta tó ń rìn fúnra rẹ̀ láàárín méjèèjì, kánfáàsì ni. Bó bá le papọ̀ bíi páálí, gọ́ọ̀mù sitéè, aṣọ tó ní gọ́ọ̀mù lára, ni wọ́n fi ayọ́nù lẹ̀ mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù yẹn ló lè tú lẹ́yìn fífọ̀ mélòó kan, tí àyà kóòtù á wá léròrò bí awọ tí omi gbígbóná dà sí. Kánfáàsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irun ẹṣin wà nínú ohun tí wọ́n fi ń hun ún, ooru ara á sì máa kọ́ ọ ní àyà ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kóòtù yìí ṣì ń rántí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, èjìká òsì máa ń gbé díẹ̀. Ní báyìí, èmi ló mọ̀.

Télọ̀ tó bá mi tún un ṣe fọwọ́ pa aṣọ náà, ó ní yáàdì kan rẹ̀ á tó oúnsì 16. Torí ìwúwo yẹn, mo lè jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin fún wákàtí méjì, bí mo bá dìde, ojú ayọ́nù ṣòkòtò ṣì wà níbẹ̀ gbọọrọ.

Ẹsẹ̀ ṣòkòtò yẹn ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó gbòòrò, wọ́n sì ká etí rẹ̀ sókè ní ínṣì méjì. Láti oṣù kẹfà ọdún 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kúpọ́ọ̀nù ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń pín aṣọ: 66 fún ẹnì kan lọ́dún àkọ́kọ́. Kóòtù ń gba 13 nínú rẹ̀, ṣòkòtò 8, wésíkóòtù 5. Ní 1942 wọ́n tún ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rán ṣòkòtò tí wọ́n ká etí rẹ̀, kí aṣọ má baà ṣòfò. Ó dun àwọn ọkùnrin débi pé àwọn kan ń ra ṣòkòtò tó gùn jù wọ́n lọ kí wọ́n lè lọ ká a nílé. Òfin yẹn kúrò nílẹ̀ ní 1944, kúpọ́ọ̀nù aṣọ sì dópin ní 1949. Ẹni tó lọ wọn súùtù yìí ní 1953 mọ̀ bí ó ti rí kí wọ́n máa ṣọ́ aṣọ bù fúnni. Ó ní kí wọ́n ká a. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí mo bá ń gbọn eruku kúrò nínú etí ṣòkòtò náà.

Ó ká mi lára láwọn ibì kan. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí ihò kankan. Mo délé, mo gbé e síwájú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ yọ ní ojú mẹ́ta. Kòkòrò ti jẹ ẹ́. Mo fi ọ̀rá wé e, mo tì í sínú fírísà tó wà ní -18°C fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kí ọmọ kòkòrò tó kù lè kú. Obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ híhun ihò fa òwú láti inú àláwáńsì ṣòkòtò fúnra rẹ̀, ìyẹn aṣọ àlékún tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú ojú ìrán, ó hun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní £70, èmi alára kì í rí ojú ibẹ̀ mọ́. Àláwáńsì yẹn náà ni télọ̀ fi tú ìbàdí ṣòkòtò ní ínṣì kan ààbọ̀ fún mi. Ẹ tú ọ̀pọ̀ súùtù tuntun wò, ẹ ò ní bá irú àláwáńsì bẹ́ẹ̀.

Ilé ìfọṣọ kan ló ṣe èyí tó burú jù. Wọ́n fi ayọ́nù tẹ kọ́là náà pẹlẹbẹ bí ìwé, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó rọra yí wálẹ̀ dé bọ́tìnnì ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ń fẹ́ ooru omi sí i, tí mò ń fọwọ́ yí i, kí ó tó padà bọ̀ sípò. Láti ìgbà náà, búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń nu ún, mo ń gbé e kọ́ sórí háńgà onígi tó fẹ̀, n kì í sì í wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ méjì tẹ̀ léra.

Ṣòkòtò náà ga ju ìdodo lọ, kò sì lè dúró láìsí sọ́sípẹ́ńdà. Bọ́tìnnì ló wà níwájú rẹ̀, kò ní síìpù. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó n'Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan, kí ìsìn tó parí, wésíkóòtù ti rin gbindin. Ilẹ̀ òtútù ló ni ín.

Pẹ̀lú £45 ti télọ̀, £210 ló ná mi, mo sì tún lè san án lónìí. Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, èjìká ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Apá ṣeé gé, ìbàdí ṣeé tú, ihò ṣeé hun, ṣùgbọ́n owó àtitún èjìká ṣe lè ju owó súùtù lọ. Lóṣù tó kọjá mo rí òmíràn, àwọ̀ eérú, kò ní ihò kankan, £60 péré. Mo wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta níwájú dígí. Èjìká há. Mo gbé e kọ́ padà.