Láfún Ìyá Ìbò, lẹ́yìn gáréèjì Láfẹ́nwá

Ìjẹ̀bú ni mí. Páàtì mọ́tò ni mo ń tà ní Láfẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta, ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní ká lọ jẹ láfún lọ́dọ̀ Ìyá Ìbò, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ní, "Kí ni ọmọ Ìbò mọ̀ nínú láfún?" Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Ẹ̀gbá pọ́nńbélé wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Ó ní, "Ìwọ oní-gàrí, ta ló ní kó o máa bá wa ṣọ́ láfún?" Mo bá dákẹ́, mo tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí a débẹ̀, ó ń rò ó lọ́wọ́. Ó fi ẹsẹ̀ ti ìkòkò, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orógùn mú, òógùn ń kán lágbárí rẹ̀. Láfún náà funfun báláú: kò ní kókó, kò ní yanrìn, kò sì rùn bíi ti ibòmíràn. Mo bi í pé níbo ló ti kọ́ ọ. Ó ní ẹ̀gẹ́ rírẹ náà ni ìyá òun fi ń ṣe àkpù. Pé Ẹ̀gbá kàn sá tiwọn sóòrùn, wọ́n wá lọ̀ ọ́ ni. Ẹ̀ka èdè Ẹ̀gbá ló fi dá mi lóhùn, kò ta kókó rárá. Kútọ̀ ni wọ́n bí i sí. Àní àwọn Ẹ̀gbá gan-an, ọdún 1830 ni wọ́n tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ.

Ìjábẹ̀ ló fi ń ja ewédú, ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹran rẹ̀ ló kéré, ibẹ̀ sì gbóná bí ààrò.

Oúnjẹ mi jẹ́ ₦1,700, mo fún un ní ₦2,000. Mo ń yẹ ṣéńjì wò torí pé ọ̀kan ya, ló bá ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin Ìjẹ̀bú ẹ ò lè fojú fo owó!" Gbogbo orí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ó bí mi nínú gan-an. Mi ò lè fèsì, òkèlè wà lẹ́nu mi.

Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà, gàdàgbà. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀, títí kan èmi tí mò ń lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Ẹ tètè dé kó tó di aago méjì, kì í pẹ́ tán. Ẹ mú owó géérégé dání o, ṣéńjì rẹ̀ máa ń ya.