Imcivree: abẹ́rẹ́ fún ìsanrajù tó ti inú àbùdá wá

Imcivree, tí oògùn inú rẹ̀ ń jẹ́ setmelanotide, kì í ṣe abẹ́rẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà fẹ́ fọn. Ilé iṣẹ́ Rhythm Pharmaceuticals ní Boston ló ṣe é. Àjọ FDA, tó ń yẹ oògùn wò nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 fún àwọn tí àbùdá POMC, PCSK1 tàbí LEPR wọn ní àbùkù, wọ́n sì fi àìsàn Bardet-Biedl, tí òun náà jẹ́ àìsàn àbímọ́ tó ń fa ìsanrajù, kún un ní 2022. Àwọn ọmọ tó ní àbùkù yìí kì í yó. Àwọn èèyàn á wá máa bú ìyá wọn pé ó ń kì wọ́n lóúnjẹ jù. Ìbáwí yẹn kò tọ́ rárá.

Ohun tó mú wa gba ti oògùn yìí ni ibi tó ń lọ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ọ̀rá ara ló ń tú leptin jáde láti sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ wà nípamọ́. LEPR á gbà á, POMC á jáde, PCSK1 á gé POMC sí wẹ́wẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ègé náà á sì lọ bá MC4R, ìyẹn ibi tó ń gba iṣẹ́ náà nínú ọpọlọ. Ibẹ̀ ni yíyó ti ń wá. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbikíbi ṣáájú MC4R, setmelanotide á fo ibẹ̀, á lọ ṣiṣẹ́ lára MC4R tààrà.

Àmọ́ kò ṣe bákan náà fún gbogbo wọn. Nínú ìwádìí tí FDA gbé yẹ̀ wò, 8 nínú àwọn 10 tó ní àbùkù POMC tàbí PCSK1 ló fọn tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn, ó kéré tán, láàárín nǹkan bí ọdún kan. Ní ti LEPR, 5 nínú 11 ni. Leptin ní àwọn ọ̀nà mìíràn nínú ọpọlọ tí abẹ́rẹ́ yìí kò dé. Nígbà tí wọ́n fi omi abẹ́rẹ́ lásán rọ́pò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ebi padà, ara sì tún wúwo.

Nítorí náà, àyẹ̀wò àbùdá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Bí èsì POMC, PCSK1 tàbí LEPR bá fi hàn pé ìyípadà tó wà nínú àbùdá náà kò léwu, tàbí pé ó jọ pé kò léwu, abẹ́rẹ́ yìí kò sí fún onítọ̀hún.

Lílò rẹ̀ kò le. Ìgò kọ̀ọ̀kan ní 1 mL, oògùn inú rẹ̀ jẹ́ 10 mg. Ẹni ọdún 12 sókè máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 mg lójúmọ́, ìyẹn 0.2 mL, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ara bá gbà á, ó di 3 mg. Ọmọ ọdún 6 sí 11 á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 mg. Ẹ lo sírìnjì tó ní ìlà 0.01 mL: ẹni tó bá ṣi 0.2 kà sí 0.02 ti fún ọmọ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ mú ìgò jáde nínú fíríìjì ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, kẹ́ ẹ gún un sábẹ́ awọ ikùn, itan tàbí apá, láàárọ̀, ẹ sì máa pààrọ̀ ojú ibẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé tòní, ẹ má ṣe gún méjì lọ́la.

Inú rírìndọ̀, èébì àti ẹ̀fọ́rí wọ́pọ̀, pàápàá níbẹ̀rẹ̀. Awọ ara náà máa ń dúdú sí i, nítorí oògùn yìí ń kan MC1R tó ń darí àwọ̀ ara. Kí dókítà yẹ gbogbo ara wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn náà, àní lára aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú, torí àwọn àmì ara tó ti wà tẹ́lẹ̀ lè dúdú sí i. Nǹkan ọmọkùnrin lè le láìjẹ́ pé ìfẹ́ ìbálòpọ̀ wà lọ́kàn. Bó bá kọjá wákàtí mẹ́rin, ilé ìwòsàn ni, kíá. Ẹ tún máa ṣọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti èrò gbígba ẹ̀mí ara ẹni.

Ní ti POMC, PCSK1 àti LEPR, bí ìwọ̀n ara kò bá dín tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 sí 16, kí wọ́n dá a dúró. Ọdún kan ni wọ́n fún Bardet-Biedl kí wọ́n tó pinnu.