Bátìrì tàbí epo: èwo ni kí ẹ rà fún iṣẹ́ àgbàlá?

Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ ìgékoríko, iye ọjọ́ tó máa fi jókòó láìṣiṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Agbára ni àwọn tó ń tà á máa ń fi pọ́n ọjà wọn, agbára sì dára lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì kékeré jù lọ ni pé kí wọ́n gbé e sílẹ̀ tòun ti epo nínú. Ooru ló ń pa bátìrì ní tiẹ̀. Tí ẹ bá ti mọ èyí tí ẹ̀rọ yín máa bá pàdé jù nínú méjèèjì, ibi tó ṣòro nínú yíyàn ti kọjá.

Epo bẹntiróòlù kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Tó bá ti tó nǹkan bí 30 ọjọ́ nínú táǹkì, èyí tó fẹ́lẹ́ nínú rẹ̀ ti ń fẹ́ lọ, ìyókù á máa ki, òórùn rẹ̀ á sì kan bíi ti ọ̀dà àtijọ́. Tí wọ́n bá ti po ẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́ ọn, ó tún ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi yẹn á sì lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Ihò tí epo ń gbà kọjá níbẹ̀ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Èérí pupa rúsúrúsú kan tó ń lẹ̀ bí oje igi ló máa ń dí i.

Ẹ lè mọ̀ láìtú ohunkóhun. Tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá fa ṣóòkù (ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí ẹ̀rọ tutù lè tàn), tó sì kú bí ẹ ṣe dá ṣóòkù padà tàbí bí ẹ ṣe tẹ ohun tó ń mú ẹ̀rọ sáré, ihò yẹn ló dí. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré lọ ra púlọ́ọ̀gì tuntun (ohun tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì), owó sì ti ṣòfò nìyẹn. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa okùn tí a fi ń tan ẹ̀rọ bí ìgbà mẹ́wàá: tí ẹnu rẹ̀ bá gbẹ, epo ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Tó bá tutù fún epo tí kò sì ta iná, ìgbà yẹn la tó lè fura sí i. Ẹ tú ife ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú oògùn ìfọkabúrétọ̀, kí ẹ sì fi wáyà bàbà tín-ín-rín la ihò náà. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ irin gún un, torí á fẹ ihò náà lójú, ẹ̀rọ á sì máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ. Lára àwọn tí a ń gbé lọ́wọ́, rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú kabúrétọ̀. Tó bá ti gan bíi bébà, pípààrọ̀ ló kù. Gbogbo wàhálà yìí kò ní wáyé tí ẹ bá ń da epo inú táǹkì kúrò lẹ́yìn iṣẹ́, tí ẹ sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ títí táá fi kú fúnra rẹ̀.

Àwọn tí a ń po ọ́ọ̀lì mọ́ epo wọn tún ní ìṣirò tiwọn. Tí ìwé ẹ̀rọ bá sọ pé 50:1, mílílítà 20 ọ́ọ̀lì ni fún lítà epo kan. 40:1 jẹ́ 25. 25:1 jẹ́ 40. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ ti pò ó, kí ẹ mì í dáadáa, kí ẹ tó rọ ọ́ sínú táǹkì. Ẹni tó bá gbàgbé ọ́ọ̀lì pátápátá, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì máa nọ́ọ̀kì. Tí ọ́ọ̀lì bá sì pọ̀ jù, èéfín á bo ibẹ̀, púlọ́ọ̀gì á dúdú, sàlẹ́ńsà á dí.

Ní ti bátìrì, ẹ má wo V (fóltì) nìkan. Ẹ fi V ìlọ́po Ah (iye iná tí bátìrì lè gbé), ohun tó bá jáde ni Wh, òun sì ni ìwọ̀n iná tó wà nínú rẹ̀ gan-an. 18V tó jẹ́ 5Ah, 90Wh nìyẹn. “20V max” àti 18V kò yàtọ̀ síra: ọmọ bátìrì márùn-ún ló tò tẹ̀ léra nínú àwọn méjèèjì, 3.6V ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà iṣẹ́, ó sì máa ń tó 4V nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Ẹ̀rọ afẹ́wé tó bá ń jẹ 600W (wáàtì, bí ẹ̀rọ ṣe ń jẹ iná tó) á jẹ 90Wh tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ìdí nìyí tí a kì í fi gba “ó ń lò tó wákàtí kan” tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́, àfi tí wọ́n bá sọ pé orí ìwọ̀n iná wo ni.

Ẹ tún yẹ ṣájà wò. Tó bá jẹ́ 2A (áńpíà, bí iná ṣe ń ṣàn tó) ló ń gbé wá, bátìrì 5Ah á gbà ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ kó tó kún. Pẹ̀lú 8A, á ti kún láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 sí 45. Ẹni tó ra bátìrì ńlá pẹ̀lú ṣájà kékeré á kàn máa jókòó dè é ni.

Tí ẹ̀rọ oníbátìrì bá dákẹ́ lójijì láàárín koríko, tí iná ara bátìrì ń ṣẹ́jú, kò tíì bàjẹ́. Ó ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ooru ni. Koríko tutù àti abẹ tí kò mú mọ́ ló sábà máa ń fà á, nítorí mọ́tò á máa fi agbára wọ́ ohun tó yẹ kó kàn gé. Bẹ́ẹ̀ náà ni okùn ìgékoríko 2.7mm lára ẹ̀rọ tó ń fi okùn gé koríko, tí wọ́n ṣe fún 2.0mm. Ẹ gbé bátìrì sí ibòji fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, ẹ má gbé e sínú fírísà. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó gbé e sórí ṣájà. Tó bá máa pẹ́ nílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì iná nínú, níbi tó tutù, kì í ṣe inú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn.

Fún gígé ewéko tí a gbìn ṣe ọgbà, a ò rí ìdí kankan fún epo mọ́: iná tó ń jẹ kéré, apá kì í sì í ro èèyàn. Àgbàlá tí ẹ lè gé tán láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bátìrì náà ni, pẹ̀lú èkejì tó wà lórí ṣájà. Igbó tó ti ní igi nínú, tó ń fẹ́ abẹ irin fún odindi ọjọ́ kan, tàbí gígé ìtì igi ńlá níbi tí kò sí iná, epo ṣì ni. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ ìgégi oníbátìrì náà ń fẹ́ ọ́ọ̀lì ṣéènì. Àìmọ̀ èyí ti jó ọ̀pọ̀ ṣéènì.

Bátìrì ilé iṣẹ́ kan kì í sábà wọ ti òmíràn, torí náà ìdílé bátìrì ni kí ẹ yàn, kí ẹ tó yan ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ àlòkù ni ẹ fẹ́ rà, ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n ṣe bátìrì náà lára rẹ̀, kí ẹ sì fi gé koríko gidi títí táá fi tán. Ti elépo, ẹ fọwọ́ kan sàlẹ́ńsà kí wọ́n tó fa okùn. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tàn án sílẹ̀ dè yín. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ wá fa okùn náà fúnra yín.