Oathbringer àbí The Curse of Chalion: Èwo Ni Kí Ẹ Fowó Yín Rà?

Ẹni tó bá ní kí n júwe ìtàn jagunjagun tí ogun ti bà lọ́kàn jẹ́, tó ṣubú, tó sì tún dìde, ìwé méjì ni mo máa ń dárúkọ fún un. Ọ̀kan ni Oathbringer tí Brandon Sanderson kọ, tó jáde ní 2017. Èkejì ni The Curse of Chalion ti Lois McMaster Bujold, tó jáde ní 2001. Ayé tí kò sí níbì kankan ni àwọn méjèèjì gbé ìtàn wọn lé, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ inú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọgbẹ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo iye owó.

Dalinar tó wà nínú Oathbringer, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ibi. Nígbà tó wà léwe, ẹ̀jẹ̀ títa ló ń dùn mọ́ ọn. Ohun kan wà tó ṣe sí ìlú kan, mi ò ní tú u fún yín, ọtí ló sì fi ń lé e kúrò lọ́kàn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì rántí ojú rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá dárúkọ obìnrin náà níwájú rẹ̀, ariwo ṣìì-ṣìì lásán, bí atẹ́gùn, ni etí rẹ̀ ń gbọ́. Inú ìwé yìí ni ìrántí ọ̀hún ti ń padà díẹ̀díẹ̀, ní àkókò tó ń bẹ àwọn ọba kí wọ́n pa ọwọ́ pọ̀, tí àwọn ọba náà kò sì gbàgbé ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ti Cazaril nínú The Curse of Chalion yàtọ̀. Wọ́n dà á ni, wọ́n sì tà á sóko ẹrú inú ọkọ̀ ojú omi, níbi tó ti fi oṣù 19 wa àjẹ̀ lábẹ́ pàṣán. Kò tíì pé ẹni 40 ọdún, àmọ́ bí arúgbó ló ṣe ń rìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, àwọn ẹlẹ́ṣin kan ń kọjá lójú ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn ju owó ẹyọ sí i bí ẹni ń ta alágbe lọ́rẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ mú un, ó wò ó, wúrà ni. Ẹni tó jù ú ti ṣèèṣì. Ọkùnrin tó ti kó ọmọ ogun lẹ́yìn rí rèé! Ojú ibẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti kà á. Igun kan nílé ìdáná ìyá àgbà ọlọ́lá kan ló ń wá lọ, kó lè fara pamọ́ síbẹ̀. Ìyá náà ní kó wá máa kọ́ ọmọ ọmọ òun lẹ́kọ̀ọ́.

Òòṣà márùn-ún ni wọ́n ń bọ ní ilẹ̀ Chalion, kò sì sí èyí tó lè ṣe ohunkóhun láyé bí ènìyàn kò bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún un. Ẹni tó bá mọ̀ pé kò sí òòṣà tí í dá ni gbè lẹ́yìn orí ẹni kò ní ka èyí bí ọ̀rọ̀ àjèjì. Ní tèmi, ibí ni Bujold ti ga ju Sanderson lọ: ìgboyà Cazaril kò pariwo rárá. Sanderson ní tirẹ̀ mọ ogun kọ, ìparí ìwé rẹ̀ sì mú mi sunkún.

Ní ti rírà, ẹ fara balẹ̀. Ìwé kẹta ni Oathbringer, lẹ́yìn The Way of Kings ti 2010 àti Words of Radiance ti 2014. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ka orí bíi mélòó kan, orúkọ ń rọ́ wọlé tí mi ò mọ ìdílé wọn, mo sì ní láti padà lọ ra méjì mìíràn. Ó ju ojú ìwé 1,200 lọ. Àwòrán ilẹ̀ àti àwọn àwòrán mìíràn wà nínú rẹ̀, tí ojú fóònù kékeré kì í jẹ́ kó hàn dáadáa. Èyí tí wọ́n kà sétígbọ̀ọ́ tó nǹkan bíi wákàtí 55, ó sì dára fún ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń dá dúró lójoojúmọ́. Chalion kò tó ìdajì rẹ̀, ó sì parí sínú ara rẹ̀. Paladin of Souls ti 2003 tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni olú ẹ̀dá ìtàn níbẹ̀.

Ẹ má ra èyíkéyìí fún ọmọdé. Ìlòkulò ara wà nínú Chalion, ìpànìyàn sì pọ̀ nínú èkejì.

Bó bá jẹ́ pé owó ìwé kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́, Chalion ni kí ẹ rà, pàápàá fún ẹni tí ayé ti fìyà jẹ láìṣẹ̀. Ẹni tí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò jẹ́ kó sùn, Dalinar ni yóò bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ The Way of Kings ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà Oathbringer ẹlẹ́yìn rírọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní Ìlú Ọba, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀. Tí ẹ bá rí «Part One» lára èèpo rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè èkejì lọ́wọ́ ọlọ́jà kí ẹ tó sanwó.