Ọ̀bẹ Ìdáná Tí Kò Wọ́n: Àyẹ̀wò Oríṣi Mẹ́ta Tí À Ń Rà ní Kàbà

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀bẹ ìdáná ní Kàbà láìná owó rẹpẹtẹ, oríṣi mẹ́ta ni yóò sábà máa bá lórí àtẹ: ọ̀bẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ onírọ́bà tó ń ti Ṣáínà wá, ọ̀bẹ Tramontina láti ilẹ̀ Bùràsíìlì, àti èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń fi ọwọ́ rọ. Mo ti fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ iṣu, mo ti fi wọ́n rẹ́ ilá àti ẹ̀fọ́, mo sì ti fi wọ́n gé ẹran. Ní tèmi, ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ ló yẹ owó rẹ̀ jù lọ, bí ẹni tó rà á bá lè máa nù ún gbẹ lẹ́yìn iṣẹ́, tí ó sì ní òkúta ìpọ́nbẹ nílé. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó ra Tramontina.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ onírọ́bà kò gùn. Ó máa ń mú lọ́jọ́ tí a bá rà á, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ rọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì pẹ́ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ fi bẹ iṣu ńlá tí èèpo rẹ̀ le, ẹ ó rí i tí yóò máa ká mọ́ yín lọ́wọ́. Díẹ̀ báyìí ni irin rẹ̀ wọ inú èèkù, nítorí náà kì í pẹ́ tí èèkù fi ń yọ. Tòmátì àti ọsàn ló wà fún.

Ilé-iṣẹ́ Tramontina ti wà láti ọdún 1911 ní ìlú Carlos Barbosa, ní gúúsù Bùràsíìlì. Irin tí a fi kúrómíọ̀mù sí ni wọ́n ń lò fún ọ̀bẹ ìdáná wọn, ìdí sì nìyẹn tí kì í fi tètè dógùn-ún. Lára àwọn ọ̀bẹ wọn, èyí tí irin rẹ̀ gba àárín èèkù já dé ìdí, tí ẹ sì ń rí orí ìṣó tí wọ́n fi kàn án mọ́ igi, ni kí ẹ mú, kódà bí ó bá gbówó lórí díẹ̀ ju èkejì lọ. Kò le púpọ̀, nítorí náà ó ń fẹ́ kí a máa tún ẹnu rẹ̀ ṣe lóòrèkóòrè, ṣùgbọ́n kì í dáni lágara lórí òkúta. (Ó máa ń dùn mí pé Àjàòkúta, tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ irin rẹ̀ sílẹ̀ ní 1979, kò jìnnà sí wa rárá, síbẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ tí a fi ń gé ẹran ti ń wá.)

Ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ tì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, irin tó dára gan-an sì ni, nítorí pé kábọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó le nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́ nínú iná ní pípọ́n tí wọ́n sì tì í bọ omi tàbí òróró. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló gba omi dáadáa, nítorí náà ẹ mú fáìlì dání lọ. Ẹ rọra fi fáìlì náà fa ẹnu ọ̀bẹ níbi tó sún mọ́ èèkù: bí ó bá ń yọ̀ tí kò rí i jẹ, irin náà le, bí ó bá ń họ ọ́ bí ẹni họ ẹ̀kọ, ẹ dá a padà fún bàbá alágbẹ̀dẹ, inú kò ní bí i bí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ẹ tún gbé ọ̀bẹ sókè sí ojú yín, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó bóyá ó tọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń dógùn-ún, tòmátì àti ọsàn wẹ́wẹ́ sì ń sọ ọ́ di dúdú. Dúdú yẹn kò ní wàhálà. Dídógùn-ún rẹ̀ ni kí ẹ bá jà. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi òróró díẹ̀ pa á bí ẹ kò bá ní lò ó fún ìgbà díẹ̀.

Ní ti pípọ́n, ẹ̀yìn olọ, àtẹ̀gùn onísìmẹ́ńtì àti àpáta ẹ̀yìnkùlé, tí kò wọ́n wa ní ilẹ̀ àwa ọmọ Òkun ní agbègbè Kàbà yìí, máa ń mú ọ̀bẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n hóró inú wọn kò dọ́gba, wọn a sì máa jẹ ẹnu ọ̀bẹ ní jágijàgi. Òkúta ìpọ́nbẹ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì sàn jù. Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà tó ń sọ bí hóró rẹ̀ ṣe kúnná tó sí i, nǹkan bí 400 wà fún ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ ti fọ́, 1000 sì wà fún ìtọ́jú gbogbo ìgbà. Ẹ bu omi sí òkúta náà, kí ẹ sì dà ọ̀bẹ lé e ní ìwọ̀n 15 sí 20 dìgírì. Bí ìyẹn bá ṣòro fojú wọ̀n, ẹ ṣẹ́ igun bébà po lẹ́ẹ̀mejì: ìdajì 90 ni 45, ìdajì ìyẹn sì fi díẹ̀ lé ní 22, ẹ jẹ́ kí ọ̀bẹ tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ sí i ju ti bébà náà lọ. Ẹ máa fà á ní ẹ̀gbẹ́ kan títí ẹ ó fi fi ìka mọ irin tín-ín-rín kan tó ṣẹ́rí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, láti ìdí dé ṣóńṣó. Bí kò bá tíì yọ, ẹ kò tíì pọ́n ọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí i padà, kí ẹ ṣe bákan náà, kí ẹ sì fi ọwọ́ fúyẹ́ parí rẹ̀ lórí awọ bẹ́líìtì àtijọ́, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí ó ṣáájú.

Àwọn ọmọ Hausa tó ń gbé kẹ̀kẹ́ ìpọ́nbẹ kiri àdúgbò ń ṣe iṣẹ́ tó yára, owó wọn kò sì ga. Ẹ kàn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa ti ọ̀bẹ bọ omi léraléra, nítorí ibi tí táyà òkúta náà bá ti sun ẹnu irin títí tó fi yí sí àwọ̀ aró, ibẹ̀ ti rọ̀, kò sì ní pẹ́ kú mọ́ yín lọ́wọ́. Àdá tàbí ọ̀bẹ ńlá tó ti fọ́ lẹ́nu ni mo ń gbé fún wọn.

Pákó ni kí ẹ máa gé nǹkan lé, kì í ṣe táìlì tàbí àwo irin. Ẹ má sì kó ọ̀bẹ pọ̀ mọ́ ṣíbí nínú agbọ̀n. Ẹ fi páálí ká a lẹ́nu. Ní ti eegun ewúrẹ́, ẹ fi àdá ṣẹ́ ẹ.