Ọkọ̀ ojú irin tí ojú ọ̀nà rẹ̀ kò fẹ̀ tó ìlẹ̀kùn yàrá

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, Ìkéré-Èkìtì ni ìsọ̀ mi wà. Ọmọ mi tó ń gbé Dresden ní Jámánì ló mú mi wọ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Weißeritztalbahn. Ẹ mọ̀ pé kò sí ojú irin ní Èkìtì. Òṣogbo ni mo ti kọ́kọ́ rí rélùwéè lọ́dún 1974, nígbà tí mo tẹ̀ lé ọ̀gá mi lọ ra ayùn.

Freital-Hainsberg, lẹ́bàá Dresden, la ti wọ̀ ọ́. Kí ọkọ̀ tó dé, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yọ tépù. Ọmọ mi pariwo: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, wọn ó mú wa o!" Mo ti wọ̀n ọ́n tán. Mílímítà 750 ló wà láàárín irin méjèèjì. Ìlẹ̀kùn ìnṣì 30 tí mo ń kàn sẹ́nu yàrá fẹ̀ jù ú lọ! Ti Òṣogbo, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ ni. Àfonífojì tí ọkọ̀ Jámánì yìí ń gbà ló há, odò Weißeritz Pupa sì ń lọ́ bí ejò. Irin tó bá sún mọ́ra máa ń rí kọ́nà bẹ́ẹ̀ yí, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti ńlá. Lọ́dún 1882 ni wọ́n ṣí i dé Schmiedeberg, ó dé Kipsdorf, níbi tó parí sí, lọ́dún kejì. Rélùwéè tiwa kò dé Ìbàdàn títí di 1901.

Ẹ má jókòó sínú o. Ìdí kọ́ọ̀ṣì ní pèpéle kan tí kò ní ògiri, irin ìdìmú nìkan ló yí i ká. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Èédú inú ilẹ̀, irú ti Enugu, ni wọ́n ń kó síná láti se omi, agbára oru omi yẹn ló ń ti irin tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó ń mí hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀, bí ẹni tó ru pákó ìrókò gun òkè Olósùnta. Òkè ló sì ń gùn lóòótọ́: láàárín kìlómítà 26 ó fi 350 mítà gòkè. Ọ̀kadà á yà á sílẹ̀ wẹ́rẹ́, nítorí kò ju kìlómítà 30 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ń kánjú, kó wọ bọ́ọ̀sì.

Rabenau ni ara mi ti yá jù. Àga ni iṣẹ́ àwọn ará ìlú yẹn láti ìgbà pípẹ́, wọ́n tilẹ̀ ní ilé tí wọ́n kó àga àtijọ́ jọ sí. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi kò gbà. Lójú tèmi, oníṣẹ́ àga tó bá ní ojú irin nítòsí ti ṣoríire. Lọ́dún kan mo fi àga mẹ́fà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn lórí bọ́ọ̀sì kan, mẹ́rin péré ni ẹsẹ̀ wọn pé nígbà tí wọ́n débẹ̀.

A kọjá létí adágún Malter. Wọ́n ti ṣí irin kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ kí wọ́n tó sé odò náà di adágún.

Odò yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ o. Ó ba ọ̀nà náà jẹ́ ní 1897, wọ́n tún un ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2002 ó tún dé, ó kó irin àti afárá lọ, omi náà sì wọ ibùdókọ̀ ńlá Dresden. Oṣù Kejìlá 2008 ni ọkọ̀ tó padà dé Dippoldiswalde, ìlú kan lójú ọ̀nà náà, ó di 2017 kó tó dé Kipsdorf. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Mo fẹ́ bínú sí wọn pé ó pẹ́ jù, ni mo bá rántí afárá kékeré tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ mi. Òjò gbé e lọ, pákó tí èmi fúnra mi tẹ́ síbẹ̀ la ṣì ń gbà kọjá.

Ní Kipsdorf, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó lọ mu omi, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá wá síwájú. Wọn kò yí orí rẹ̀ padà, ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló fi fà wá sọ̀kalẹ̀. Ẹ má wọ funfun lọ síbẹ̀. Ìyàwó mi ti fọ fìlà mi lẹ́ẹ̀mẹta, èédú ṣì wà létí rẹ̀.