Òru mẹ́ta ni mo fi wo àwọn fọ́tò tí C. D. Hoy yà ní Quesnel

Quesnel jẹ́ ìlú kékeré ní British Columbia, ní Kánádà, níbi tí odò Quesnel ti ń ya wọ odò Fraser. Fọ́tò tí Hoy yà níbẹ̀ àti ní agbègbè rẹ̀ lé ní 1,500. Barkerville, ìlú tí wọ́n tẹ̀dó nítorí wúrà, ni wọ́n ti ń tọ́jú wọn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èmi ti rí àwọn tí mo rí.

Ká sòótọ́, Wellington Delaney Moses ni mo ń wá kiri, adúláwọ̀ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun sí Barkerville nígbà tí gbogbo ayé ń sáré wúrà lọ síbẹ̀. Moses ti kú kí Hoy tó dé. Ṣùgbọ́n mo ti ṣí fọ́tò kan, n kò sì lè dìde mọ́.

Ará Ṣáínà ni Hoy. Ọdún 1902 ló dé Kánádà, ó ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́, nígbà tó sì di nǹkan bí ọdún 1909, ó ti ń ya fọ́tò. Ó ya ará Ṣáínà bíi tirẹ̀, ó ya òyìnbó, ó ya àwọn Tsilhqot'in àti Dakelh tí wọ́n ni ilẹ̀ náà. Mo ti rí fọ́tò púpọ̀ tí òyìnbó ya àwọn onílẹ̀ láyé ìgbà yẹn, tí ojú wọn dà bí ti ẹni tí wọ́n fipá mú dúró. Ti Hoy yàtọ̀. Oníbàárà ni wọ́n. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn wá, wọ́n de àkẹtẹ̀ tó wù wọ́n, wọ́n so áńkáṣíìfù mọ́ ọrùn, wọ́n tẹjú mọ́ ẹ̀rọ. Ẹni tí fọ́tò bàbá rẹ̀ bá kọ́ sí pálọ̀, tí bàbá tẹ́ agbádá, tó gbọ́wọ́ lé orúnkún, yóò mọ ìjókòó yẹn.

Ti àwọn ará Ṣáínà ló wọ̀ mí lára jù. Láti ọdún 1903, 500 dọ́là ni ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ará Ṣáínà kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ wọlé. Ta ló fẹ́ rí irú owó bẹ́ẹ̀ san kí ìyàwó rẹ̀ náà lè wọlé? Ní 1923, wọ́n wá fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn pátápátá, ó di 1947 kí wọ́n tó ṣí i. Nítorí náà, bí ọkùnrin kan bá múra, tó jókòó síwájú Hoy, fọ́tò náà ni yóò lọ sílé ní Ṣáínà dípò rẹ̀.

Ohun kan dùn mí: orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sọnù.

Ẹ má fi fóònù wò wọ́n o. Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ lò, kí ẹ sì wo etí àwòrán dáadáa. Aṣọ lásán ni Hoy máa ń so kọ́ sẹ́yìn ènìyàn, nínú àwọn mìíràn ẹ ó rí ibi tí aṣọ parí sí. Mo ní kí wọ́n tẹ ọ̀kan jáde fún mi ní títóbi, ilé ìtẹ̀wé tí mo gbé e lọ sì gé etí yẹn dànù kí ó lè "mọ́". Mo dá a padà. Nígbà kejì, mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tán.

Ó wà ní pálọ̀ mi báyìí, nínú férémù onígi. Àlejò a wọlé, a ní, "Ta nìyí?" Mo máa ń sọ orúkọ ìlú, mo sì máa ń sọ orúkọ ẹni tó yà á.